Kì í ṣe Poundland ló ra Wilko
Ọ̀rọ̀ táwọn ará wa ní London ń gbé kiri ni pé Poundland, ilé ìtajà ẹrù olówó pọ́ọ́kú, ló ra Wilko, ilé ìtajà ohun èlò ilé, pé pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù lásán ni wọ́n pààrọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ Wilko lọ́rùn ní Ògúst 2023, bí ẹran iléyá ni wọ́n ṣe pín in. Ilé ìtajà mìíràn, The Range, fi mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ra orúkọ rẹ̀; B&M ní òun á san mílíọ̀nù 13 fún ṣọ́ọ̀bù tó tó 51. Poundland ńkọ́? Àdéhùn láti háyà ilé ṣọ́ọ̀bù Wilko lásán ló gbà, tó tó 71. Àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n kó, láti ilé tó há lọ sí ilé Wilko tó fẹ̀. Ilé ló háyà, kò jogún gbèsè. Torí náà, ẹ má mú káàdì ẹ̀bùn Wilko lọ sí káńtà Poundland o.