Ẹ Ya Fọ́tò Rélùwéè Àtijọ́ Kí Wọ́n Tó Tú U Tán

Rélùwéè kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá rí. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin láti Ìbàdàn lọ sí Òkè Ọya, apá Òṣogbo ni wọ́n yà sí. Wọ́n débẹ̀ ní 1907, wọ́n gba Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà, wọ́n sì wọ Ìlọrin ní 1908. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa dé Jọ́ọ̀sì. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè fúngbà díẹ̀ kó tó di oníṣẹ́ ìròyìn.

A fẹ́ kí LAUTECH, yunifásítì ìlú wa tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ ya gbogbo ohun tó kù ní àwọn ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ní àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Kí iléeṣẹ́ rélùwéè sì fún wọn níwèé àṣẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olè tó ń tú irin tà kò sinmi. Ojú irin tuntun sì ti dé Ìbàdàn láti 2021.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibùdókọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n ya ilé náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n tó sún mọ́ fèrèsé, ilẹ̀kùn àti pátákó orúkọ ìlú. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, òjìji òrùlé á bo ògiri, fọ́tò á sì ṣókùnkùn.

Irin gan-an ló ní ìtàn jù. Lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó rọ ọ́ máa ń tẹ orúkọ àti ọdún sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu ìpẹtà kúrò, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, lẹ́tà náà á yọ. Ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ nìkan ni kí wọ́n ti ṣe èyí, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í lè dúró lójijì.

Fọ́tò tí kò ní orúkọ ibi àti ọjọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ogún ọdún. Kí wọ́n má sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán: WhatsApp á dín bó ṣe hàn kedere kù, á sì pa ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bíi dókúmẹ́ǹtì ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé LAUTECH, kí òmíràn lọ sí Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìtàn rélùwéè sí.

Àwọn àgbà tó ní fọ́tò àtijọ́ nílé ńkọ́? Ẹ má fi omi nù ún, ẹ má sì fipá ya á kúrò lára gíláàsì tó bá ti lẹ̀ mọ́.

Owó mọ́tò àti fóònù tó dáa ni iṣẹ́ yìí fẹ́. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tètè kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ rélùwéè fún ìwé àṣẹ náà, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, torí bí òjò bá ti dé, koríko á bo ojú irin mọ́lẹ̀.