Èmi Ni Tòkunbọ̀, Mọ́tò Kọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ o. Ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní London yìí, mi ò ní mọ́tò, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ kiri, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, àfi bí àwọn ọmọ ṣe tiléèwé dé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ káńpù. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Mo ní Olúwa o ṣeun, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń bèèrè káńpù àdúrà! Mo ti ń wá Bíbélì mi kiri pálọ̀. Àṣé káńpù táwọn òyìnbó ń wí ò ní pásítọ̀ nínú. Igbó ni wọ́n fẹ́ ká lọ, New Forest, ká pàgọ́ síbẹ̀, ká sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ká sì sanwó ilẹ̀ tá a sùn sí.

Mo ní èmi tí mò ń san owó ilé lóṣooṣù, kí n tún máa san owó igbó? Ìyàwó mi ní kí n má bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti lè sọ pé kí n má bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Màámi náà tí wọ́n wá kí wa láti ilé, bí wọ́n ṣe gbọ́ káńpù, wọ́n ti lọ to aṣọ funfun sínú báàgì. Kò sẹ́ni tó láyà láti ṣàlàyé fún wọn.

Ó wá ku mọ́tò. £3,500 ni gbogbo owó tá a ní, àlòkù la máa rà nìyẹn, èyí tá à ń pè ní tòkunbọ̀ nílé. Mo wá jókòó, mo rò ó. Mọ́tò yìí ò kúrò nílùú ẹ̀ rí o, ibí ni wọ́n ti rà á, ibí ló ń gbé, èmi gan-an ni mo la òkun wá. Èmi ni tòkunbọ̀! Mọ́tò ló yẹ kó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi wò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £1,800 péré, dísẹ́ẹ̀lì, onísíìtì méje, ó ń dán gbinrin. Mo ti ń dúpẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Ìbejì tó jẹ́ mekáníìkì, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ọdún wo ni mọ́tò yẹn?" Mo ní 2012. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ẹ mọ ULEZ? Mo ní mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé orúkọ ẹnì kan ni. Ẹ gbọ́ o: owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀ jù ni. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú oṣù kẹsàn-án 2015, púpọ̀ nínú wọn ni ò yege, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì gbé e jáde ní London, £12.50. Láti ìparí oṣù kẹjọ 2023, wọ́n ti nà án dé gbogbo London, kò síbi téèyàn fẹ́ sá sí. Kì í sinmi ní Sátidé, kì í sinmi ní Sọ́ńdè, ọjọ́ Kérésìmesì nìkan ló ń gba ìsinmi. Mo fi fóònù ṣírò ẹ̀, tí mo bá ń wà á lójoojúmọ́, £4,550 lọ́dún. Lórí mọ́tò £1,800! Bí ìgbà tí wọ́n fún èèyàn níyàwó tí wọ́n ní ẹ má ṣèyọnu, kò sówó orí, ẹ kàn máa san án díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ títí ẹ fi máa kú. Bàbá Ìbejì ní kí n wá pẹtiróòlù, pé dísẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń lọ, tí kì í rìn jìnnà, fílítà ẹ̀ á kàn máa dí ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ti MOT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wò ó bóyá mọ́tò ṣì dára lójú títì. Mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta níbí, ọdọọdún ló ń ṣèdánwò, nọ́ńbà ẹ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ń dá bọ̀ ló máa tò jáde. Ọjọ́ tó féèlì, ohun tó gbé e féèlì, táyà tó ti jẹ, ibi tó ti dógùn-ún, máìlì tó ti rìn. Ọ̀kan wà tí mo yẹ̀ wò báyẹn, ní 2019 ó ti rin máìlì 98,000, nígbà tó fi máa di 2021 ó ti di 61,000. Mọ́tò ń dọmọdé! Mo pe ẹni tó ń tà á, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìpara wo lẹ fi ń pa á, èmi náà nílò ẹ̀. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Òmíràn, a débẹ̀, mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná. Bàbá Ìbejì ti sọ fún mi pé ẹni tó bá ti gbé ẹ́ńjìnnì gbóná dè yín, ohun kan wà tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nígbà tó bá tutù. Mo kí i, mo pa dà sílé.

Ṣùgbọ́n síìtì gan-an ni baba wàhálà. Èèyàn mẹ́fà ni wá: èmi, ìyàwó mi, Màámi, ọmọ mẹ́ta. Òfin ibí sì ní ọmọ gbọ́dọ̀ wà lórí síìtì ọmọdé títí tó fi máa pé ọdún 12 tàbí kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àkọ́bí mi ti ga bọ́ nínú ẹ̀, ó ku méjì. Ẹ wá lọ ra onísíìtì méje, ẹ ní ẹ ti yege. Irọ́ ńlá! Tí síìtì méjèèje bá ti dúró, búùtù ò ní gbà ju báàgì ọmọléèwé méjì lọ. Ẹ mú èèyàn tàbí kẹ́ ẹ mú ẹrù. Màámi ní àwọn ò ní dúró sílé. Ìyàwó mi ní ẹrù òun náà ò ní dúró sílé. Àwọn méjèèjì wá ń wo èmi.

Bàbá Ìbejì ní kí n máa wo irú Grand C4 Picasso, tí síìtì mẹ́ta àárín ẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí irú Caddy Maxi, tí wọ́n máa ń yọ síìtì ẹ̀yìn. Ìyàwó mi ò dá orúkọ mọ̀, ó ní mọ́tò tá a bá fẹ́ rà, a máa kó ẹrù lọ bá a ni.

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wọ rélùwéè lọ wo mọ́tò kan ní Kent, èèyàn mẹ́fà, àgọ́, ibùsùn oníafẹ́fẹ́, sítóòfù, dùfẹ́ẹ̀tì, ìkòkò mẹ́rin, Ghana-must-go mẹ́ta. Bàbá òyìnbó tó ń tà á ṣílẹ̀kùn. Ó wò wá. Ó wo ẹrù. Ó wẹ̀yìn wo ìyàwó ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kó wá bá gbé tí ò sì rántí ìgbà tó gbà.

Mọ́tò ọ̀hún rí gbàgìdì bíi firíìjì, 2013, pẹtiróòlù, ilẹ̀kùn ẹ̀ ń yọ̀ lọ sẹ́yìn. A yọ síìtì kan lẹ́yìn, a fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àkọ́bí kó máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọlé, ó ń tì í, ó ń yí i, ó tú Ghana-must-go kan, ó tún un dì. Ilẹ̀kùn búùtù pa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní "Ra á." Kò tíì mọ̀ bóyá ó ní ẹ́ńjìnnì.

Bàbá ní £3,400, mo ní £2,000, ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. Màámi ń rẹ́rìn-ín sí i ní tiwọn, wọ́n ń fi Yorùbá sọ fún mi pé "Sọ fún un pé ó ti gbó. Sọ fún un pé táyà iwájú ti pá." Táyà ọ̀hún ti pá lóòótọ́, ó wà nínú MOT. A fẹnu kò sí £3,150.

Mo rò pé ó tán. Òótọ́ tí wọn kì í sọ féèyàn ni pé owó táàsì ìjọba tí ẹni àkọ́kọ́ san lórí mọ́tò kì í bá a lọ, láti oṣù kẹwàá 2014 ló ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ san tiyín kí táyà tó yí. Bébà kékeré aláwọ̀ ewé kan wà nínú ìwé mọ́tò tí nọ́ńbà 12 wà lórí ẹ̀, mo tẹ ìyẹn, mo san án. Ó wá ku ìnṣọ́ránsì. Ọdún 15 tí mo fi wakọ̀ nílé láìkọlu ẹnikẹ́ni, wọ́n ní àwọn ò rí i lórí kọ̀ǹpútà. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré ló ní láyé níbí, mo ti ṣèdánwò tiwọn, mo féèlì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó yege, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bí mo ṣe ń sípẹ́lì orúkọ bàbá mi fún obìnrin orí fóònù lẹ́ẹ̀kẹrin, òjò dé, gbogbo ìdílé mi ti wà nínú mọ́tò tòun tẹrù níwájú ilé onílé, ìyàwó bàbá òyìnbó ti gbé tíì jáde, Màámi ti sun orun àkọ́kọ́.

Àbíkẹ́yìn wo koríko iwájú ilé, ó wo igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé káńpù náà rèé?"

Màámi ò lajú. Wọ́n ní, "Rárá o, ọkọ mi. Wọn ò tíì lu agogo àdúrà."