Ìwọ Tó Ń Gbá Géèmù Àtijọ́, Níbo Làkísà Ẹ Wà?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹnu àgbàlagbà tó fẹ́ fi pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ la sì ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Àmọ́ lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gbá ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ bíi Nintendo àti Sega láàárín àwọn tó ń gbá PS5 ìgbàlódé ni mo fẹ́ fi bá sọ̀rọ̀, torí mo wà lára yín, mo sì mọ̀wà wa.

Àlejò á wọlé, á rí kásẹ́ẹ̀tì géèmù lórí tábìlì, á ní ṣé ti fídíò ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ á mú páàdì tá a fi ń gbá géèmù, á rí wáyà gbọọrọ nídìí ẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín. Inú á bí wa, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé ọdún 1983 ni Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù Famicom jáde ní Jàpáàn, pé ọ̀pọ̀ èyí tá a gbá níbí láyé Abacha, ayédèrú ẹ̀ ni, pé ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí ò mọ nǹkan kan. Ká tó gbójú sókè, ẹni tá à ń bá sọ̀rọ̀ ti padà sórí fóònù ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tún òwe yẹn wò jàre. Kí ló ń sọ aṣọ di àkísà? Wíwọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń lọ Gbági lọ ra àkísà, èèyàn á wọ aṣọ lọ òde, á wọ̀ ọ́ lọ oko, ọmọ á fà á ya, títí á fi gbó. Àgbà tó kó aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ sínú àpótí tí ò wọ̀ ọ́ mọ́, aṣọ ló ní, kò ní àkísà. Lọ́dún 2021 wọ́n ta kásẹ́ẹ̀tì géèmù Super Mario 64 kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 1.56 dọ́là, torí pé kò sẹ́ni tó já ọ̀rá ara ẹ̀ rí. Owó ńlá, mi ò bú wọn o, àmọ́ lójú òwe yìí, ọmọ tó ń gbá géèmù pẹ̀lú páàdì tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti há ní àkísà ju ẹni tó ra ìyẹn lọ. Torí náà tí tìẹ bá wà nínú gíláàsì, tó ò jẹ́ kọ́mọ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, jọ̀ọ́ má fòwe yìí fọ́nnu.

Ẹ má sì jẹ́ ká parọ́, ẹ̀rọ ọmọ tó ń gbá PS5 yẹn dáa ju tiwa lọ fíìfíì. Ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀ sí i ni pé kó gbá géèmù Contra dé ìparí, kí NEPA wá múná lọ, kí gbogbo ẹ̀ padà síbẹ̀rẹ̀ torí géèmù yẹn ò níbi tó ń tọ́jú nǹkan sí. Ẹ̀mí 3 péré ni wọ́n máa ń fún ẹ, àfi tó o bá mọ kóòdù tí wọ́n ń tẹ̀ lórí páàdì: òkè òkè, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, òsì ọ̀tún òsì ọ̀tún, B, A, yóò di 30. Kazuhisa Hashimoto tó ń ṣiṣẹ́ ní Konami, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ló kọ́kọ́ fi kóòdù yẹn sínú géèmù kan tó ń jẹ́ Gradius lọ́dún 1986, nígbà tó ń gbé géèmù náà wá sórí Famicom, torí pé ó le jù fún òun alára láti gbá tán. Ẹni tó ń ṣe é o! Báwo wá làbúrò ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di páàdì mú ò ṣe ní já sí kòtò àkọ́kọ́? Má rẹ́rìn-ín, gbé e padà fún un.

Tún ilé ṣe kó o tó pe èèyàn, sha. Mo ti rí ẹni tó fọ́nnu Duck Hunt, géèmù tí wọ́n ti ń fìbọn yin pẹ́pẹ́yẹ, tán tó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ó yìnbọn títí, pẹ́pẹ́yẹ kan ò já bọ́. Ìbọn yẹn ò yin nǹkan kan, ojú ló ní: tó o bá tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n á dúdú fírí, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan á funfun, ìbọn á wò ó bóyá òun rí ìmọ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ ikùn sẹ́yìn ló yára tó bẹ́ẹ̀, ti ìsìnyí máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbáwòrán jáde, ìbọn á ti wò ó tán. Fífẹ́ tá a sì máa ń fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ jáwọ́, itọ́ ló ń mú kí irin ẹnu ẹ̀ dípẹtà. Sípíríìtì díẹ̀ lórí òwú tí wọ́n fi ń nu etí ti tó.

Tó bá wá di dandan kó o sọ̀tàn, dúró kí kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn ná, kó o tó sọ ti Jerry Lawson. Ènìyàn dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà, òun ló ṣáájú àwọn tó ṣe Fairchild Channel F lọ́dún 1976, ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tó ṣeé yọ kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan kéèyàn fi òmíì sí i. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín wáyà á yí kásẹ́ẹ̀tì yẹn wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tá a tún máa ń gbàgbé ni pé àwọn tá a pè ní aláìmọ̀ yìí ní àkísà tiwọn. Bi wọ́n bóyá wọ́n gbá brick game rí, èyí kékeré tó ń lo bátìrì, tó kún gbogbo ilé nígbà yẹn. Àǹtí mi kan máa ń ní òun ò fẹ́ rí páàdì sójú rárá, mo bá kúkú fi géèmù Tetris sínú ẹ̀rọ, mo dákẹ́. Wọ́n wò ó, wọ́n ní "ṣebí búríkì nìyí," wọ́n gba páàdì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.