Kò Béèrè Ohun Tí A Ń Tà

Lánàá, ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá polówó áàpù ìṣirò owó dìde níwájú àwa oníṣòwò, ó ní ẹni tó bá ṣì ń kọ ọjà rẹ̀ sínú ìwé kì í ṣe oníṣòwò, eré ọmọdé ló ń ṣe. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé nínú wákàtí kan àbọ̀ tó fi sọ̀rọ̀, kò bi ẹnì kankan nínú wa léèrè ohun tó ń tà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe àdìrẹ, ó sì ń tà á ní Ìtòkú; èmi ni mo ń bá a tọ́jú ìwé owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló dẹ́rù bà wá tí a fi forúkọ sílẹ̀ fún áàpù kan tí n kò ní dárúkọ, tí a ń fi dọ́là san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà náà, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Iye dọ́là tí wọ́n ń gbà kò yí padà, àmọ́ náírà tiwa ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù.

Aṣọ funfun ni ẹ̀gbọ́n mi ń rà. Bí ó bá fẹ́ ṣe oníko, yóò di í; bí ó bá fẹ́ ṣe ẹlẹ́kọ, yóò fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i lára, kí ó tó rì í sínú aró. Owó aró wà níbẹ̀, owó sódà àti haidírò, àwọn kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ aró, wà níbẹ̀, owó àwọn obìnrin tó ń bá a di í náà wà níbẹ̀. Áàpù wa kò mọ̀ ju kí a ra nǹkan, kí a sì ta nǹkan yẹn gan-an lọ. Lóṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, ó ní 300 ọ̀pá aṣọ funfun ṣì wà nílẹ̀, ó tún ní àdìrẹ tí a tà fi 280 ọ̀pá ju èyí tí a ní lọ. Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago kí ó lọ wo yàrá ìkẹ́rùsí. Ó ní, “Àbúrò mi, aṣọ funfun tó wà níbí kò ju ogún ọ̀pá lọ, àfi bí áàpù rẹ bá ń rí ti iwin.”

Èyí tó burú jù ni pé, nítorí pé kò mọ iye tí àdìrẹ ná wa, gbogbo owó tó wọlé ló ń kà sí èrè. Ojú èrè yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wò tó fi san àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì, tí a kò sì rí ìyókù san.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀bi ẹni tó lò ó ni. Mo ti gbọ́ ìyẹn rí. Àwọn ètò ìṣirò òwò orí kọ̀ǹpútà bí Odoo àti ERPNext ní ààyè fún ẹni tó ń ṣe ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀: bí aṣọ funfun bá ti di àdìrẹ, wọn yóò yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, wọn yóò sì gbé owó rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹni tó bá béèrè iṣẹ́ wa ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ọmọkùnrin àná fi ìdajì àkókò rẹ̀ yangàn pé áàpù òun ń ṣírò owó-orí ọjà 7.5% fúnra rẹ̀, bí ẹni pé fóònù tó wà lápò wa kò lè ṣe ìyẹn.

A ti padà sí ìwé, mo sì fi Excel tì í lẹ́yìn. Àmọ́ n kò ní parọ́. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa kan láti Ìbàdàn fi àkáǹtì ọkọ rẹ̀ san gbèsè, a kò mọ orúkọ tó jáde, a kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi pè é, ó sì fi ìbínú sin ín lówó. Kíá ni obìnrin náà fi rìsíìtì ránṣẹ́. Áàpù tí mo ń bú yìí ìbá ti gbé owó náà síta, kí ó bi wá pé ta ló san án.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìwé pélébé tí ọmọkùnrin náà ń pín. N kò tíì pè é. Mo ti kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀yìn ìwé náà: bí aṣọ funfun bá wọ inú aró, ibo ni áàpù yín yóò kọ ọ́ sí?