Bàbá Póíǹtì Ò Sanwó Bàálù Mọ́

Yorùbá tí mo mọ̀, owó tó bá ná ló máa ń fi yangàn. Ẹni tó ra léèsì ní igba dọ́là, bó bá dé òde àríyá, yóò ní ọ̀ọ́dúnrún ni. Àṣà yẹn ti di ti àná. Ẹ dé òde ìnáwó ní Maryland tàbí Houston báyìí, kí ẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé pé “ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ìnáwó.” Yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò ká apá agbádá sókè, yóò ní: “Ìnáwó kẹ̀? Mi ò ná kọ́bọ̀. Póíǹtì ni mo fi kó gbogbo ilé mi lọ.” Ó parí nìyẹn. Ìrẹsì ọwọ́ yín yóò tutù. Ẹ ó gbọ́ ìtàn báǹkì tó fún un ní 60,000 póíǹtì torí pé ó ń fi káàdì wọn rajà, bó ṣe ti ibẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ Air France kó lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, àti bó ṣe jí láago méjì òru tó fi já ìjókòó gbà kí ẹlòmíì tó rí i. Bí ẹ bá ṣi ẹnu bi í léèrè pé káàdì wo ni, ẹ ò ní délé bọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Póíǹtì. Kì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n pọ̀ jáǹrẹrẹ. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀, ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Kírẹ́díìtì káàdì ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan wà fún epo mọ́tò, ọ̀kan fún súpámákẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ilé oúnjẹ, ó sì fi bírò kọ iṣẹ́ kálukú sórí bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ fi ti súpámákẹ́ẹ̀tì ra epo lẹ́ẹ̀kan, ìjà yẹn dé etí pásítọ̀.

Ẹ bá a jáde lọ jẹun kí ẹ wá wòran. Èèyàn mẹ́wàá jẹ àmàlà, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n mu bíà lé e. Kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ tó gbé bébà owó kalẹ̀, Bàbá Póíǹtì ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. “Ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre, èmi ni mò ń san.” Káàdì onírin náà dún kọ́ọ̀n lórí tábìlì. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà: àpò yín ò ní gbẹ o, ẹ ò ní rí ìdààmú o. Wọn ò tíì ṣe àmín tán tí fóònù fi ń dún lápò kálukú. Ó ti béèrè owó lọ́wọ́ wọn lórí Zelle, áàpù tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́, títí kan ṣàkì tí ẹnì kan bù kún tirẹ̀. Owó èèyàn mẹ́sàn-án wọlé, póíǹtì oúnjẹ èèyàn mẹ́wàá wọlé, àdúrà sì jẹ́ èèní.

Ohun tó fà á kò le. Báǹkì tó fúnni ní káàdì tuntun máa ń ní kéèyàn ná ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tàbí ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta kí ẹ̀bùn tó jáde. Níbo lẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn ti fẹ́ rí ohun tó máa rà ní irú owó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló kù kó bọ́ sí. Ipò akápò aṣọ ẹbí, tí gbogbo wa ń sá fún nítorí èébú, òun ló ń lé e kiri. Yóò gba owó yín, yóò tọ́jú u, yóò fi káàdì ra aṣọ. Ó bi ìyá alájọ léèrè bóyá wọ́n lè máa fi káàdì dá a. Màmá ní kó lọ sinmi. Ìdámẹ́wàá rẹ̀ náà, orí káàdì ni. Ilé iṣẹ́ káàdì yọ tirẹ̀ nínú owó Olúwa kó tó dé àpò ìjọ, Bàbá Póíǹtì gba póíǹtì tirẹ̀, Olúwa gba ìyókù.

Kì í ṣe Yorùbá ló dá a sílẹ̀ o, ká má purọ́ mọ́ ara wa. Ọdún 1981 ni iléeṣẹ́ bàálù American Airlines gbé ètò máìlì, ìyẹn póíǹtì àwọn oníbàálù, tirẹ̀ jáde, United sì tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Lọ́dún 1999, ẹnjiníà kan ní California, David Phillips, rí i pé ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ń fi máìlì san àmì tí wọ́n bá gé lára ọjà wọn ránṣẹ́. Ó wo èyí tówó rẹ̀ kéré jù, púdìn sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ó ra 12,150. Kò lè dá àmì wọn ṣí tán, ló bá kó púdìn fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Salvation Army kí wọ́n bá a ṣí i. Nǹkan bí 3,140 dọ́là ló ná, máìlì rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan rí i pé ìjọba Amẹ́ríkà ń ta owó ẹyọ dọ́là kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó ìfiránṣẹ́. Wọ́n ń fi káàdì rà á lápótí lápótí, wọ́n ń gbé e tààrà lọ sí báǹkì, wọ́n ń fi san gbèsè káàdì náà. Ọdún 2011 ni ìjọba jí, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi káàdì ra owó mọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ èmi ò rí i kí àáké àwọn wọ̀nyí kú rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ti ìyàwó. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ póíǹtì ní orúkọ tí wọ́n ń pe ìyàwó ilé: Player Two, ìyẹn ẹnìkejì nínú eré. Obìnrin tí alága ìdúró àti alága ìjókòó fi odindi ọjọ́ Sátidé jà lé lórí, tí wọ́n kó iṣu àti oyin àti obì jọ fún, ló wá di àrọ́pò nínú eré. Báǹkì Chase kì í sábà fún ẹni tó ti gba káàdì márùn-ún láàárín oṣù 24 ní òmíràn. Bí ti ọkọ bá ti kún, kí wọ́n bọ́ sí ti ìyàwó. Ọkọ yóò fi líǹkì ránṣẹ́ sí i láti orí ibùsùn kan náà, báǹkì yóò sì fún un ní ẹ̀bùn pé ó mú oníbàárà wá. Ẹ ò rí i, ó gba ìyàwó lọ́wọ́ àna, ó tún fi ìyàwó náà gba nǹkan lọ́wọ́ báǹkì. Láago mọ́kànlá òru: “Mọ́mì, ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là kí tìẹ tó kún. Kí lo fẹ́ rà?” “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sùn.” Òun ni ọkọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó ń bẹ ìyàwó pé kó lọ náwó.

Ẹ ti gbọ́ ti ẹ̀bùn. Ti “ọ̀fẹ́” náà ńkọ́? Nígbà tí káàdì Chase Sapphire Reserve jáde lọ́dún 2016, 450 dọ́là ni owó ọdún rẹ̀. Ó di 795 lọ́dún 2025. Káàdì Amex Platinum gba 895. Wọ́n á ní ẹ má bínú, a ó dá a padà fún yín díẹ̀ díẹ̀: dọ́là 15 Uber lóṣooṣù, bí ẹ ò bá lò ó, ó wọmi. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò Bàbá Póíǹtì wà níwájú ilé, lọ́jọ́ tí oṣù ń parí ó ń fi Uber lọ síbi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé.

Ìjókòó sì ni baba ìdààmú. United ń fò láti pápákọ̀ Dulles nítòsí Washington lọ sí Èkó, Delta ń fò láti Atlanta àti New York, ṣùgbọ́n ìjókòó olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún àwọn onípóíǹtì kì í tó ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ó rí ẹyọ kan níwájú, níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ sùn. Ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Orí ilé ni. Ó ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú wáìnì, ó kọ “Olúwa ṣeun” sábẹ́ rẹ̀. Player Two àti àwọn ọmọ gba Paris lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọwọ́ tó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ náà sanwó: ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì gidi fún ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń sọdá òkun.

Àwọn wọ̀nyí náà ló ń fi náírà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n sá fún owó tó ń já, wọ́n wá kó ọrọ̀ wọn sínú owó tí ọ̀gá bàálù kan lè já lóru láìpe ìpàdé. Lọ́dún 2015 ni Delta yọ àtẹ iye máìlì kúrò, iye tó bá wù wọ́n lójúmọ́ ni wọ́n ń pè. SkyMiles ni máìlì náà ń jẹ́, àwọn oníbàárà fúnra wọn ló sọ ọ́ ní SkyPesos, bí owó pésò tí kò níyì.

Ta ló ń sanwó gbogbo eléyìí? Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja díndín. Nígbàkígbà tí ẹ bá fa káàdì, nǹkan bí dọ́là méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, ló bá fi lé orí iṣu. Màmá tó fi owó tútù ra iṣu náà ti dá sí ìrìnàjò Bàbá Póíǹtì láìmọ̀. Ẹnìkejì tó ń dá sí i ni ẹni tí kì í san gbèsè káàdì tán lóṣù. Èlé wọn ti kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là kọ́rùn lódindi ọdún kan ní ìdá 22, ẹgbẹ̀rún méjì àti igba ni èlé nìkan. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ́ni ní ọgbọ́n póíǹtì.

Póíǹtì ló wá ń yan ibi tí ìdílé ń lọ. Màmá Bàbá Póíǹtì wà l'Óṣogbo, kò tíì rí ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn; Lisbon ni wọ́n lọ. “Màámi, ẹ má bínú, Póíǹtì ò tíì gbà ká wá sápá ọ̀dọ̀ yín lọ́dún yìí.” Màmá ní: “Kò burú, ọkọ mi. Bá mi kí i. Ṣé ọ̀gá ẹ tuntun ni?”

Nígbà tí bàbá ìyàwó wá dolóògbé, mọ̀lẹ́bí pe ìpàdé lórí WhatsApp, wọ́n fi ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ kejì Dìsẹ́ńbà. Bàbá Póíǹtì dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ ó di ìparí Fẹ́búárì, pé ìgbà yẹn ni ìjókòó yóò ṣí. Olórí ẹbí dákẹ́ díẹ̀. “Àna wa, mọ́ṣúárì ni bàbá wà o. Owó ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa níbẹ̀.”

Bàbá Póíǹtì tún ohùn ṣe. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, ṣé wọ́n ń gba káàdì?”