Abéèrè kì í ṣìnà, tó bá dúró gbọ́ èsì

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Kò sẹ́ni tí ò mọ òwe yìí nínú wa, kódà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn sọ̀ kalẹ̀ ní Jabi, ní Abuja níbí, tí ò gbọ́ Hausa kankan, á bi awakọ̀, á bi ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà, títí tó fi máa rí mọ́tò Kubwa wọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni yìí kan náà jókòó síwájú dókítà, ẹnu ẹ̀ á pa dé. Dókítà á kọ nǹkan sínú ìwé, òun á ní "ẹ ṣé sà", á gba kẹ́míìsì lọ, ó dìgbà tó bá délé kó tó máa bi aráalé pé ẹ jọ̀ọ́, kí ni oògùn yìí ń ṣe gan-an.

Mo mọ ohun tó ń fà á. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọdé kì í já àgbà níyàn, a wá sọ dókítà di àgbà, kódà kó kéré sí àbíkẹ́yìn wa. Ti Abuja tún le sí i nítorí èdè. Ọ̀pọ̀ màmá àti bàbá táwọn ọmọ mú wá láti ilé, tí wọ́n ń bá ọmọ gbé ní Lugbe tàbí Karu, dókítà tí wọ́n máa bá lè jẹ́ Hausa, ó lè jẹ́ Tiv, ó lè jẹ́ Igbo, òyìnbó ló máa bá wọn sọ, á sì sọ ọ́ kíákíá torí èrò tó wà níta, màmá á kàn máa mi orí, "yẹ́ẹ̀sì dọ́kítọ̀", kò sì gbọ́ nǹkankan. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. National Health Act ti ọdún 2014, abala 23, ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ bí ara ẹ̀ ṣe rí fún un, kó sọ oríṣi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí wọ́n máa náni, kó sì sọ ọ́ lédè tó yé aláìsàn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ó tún ní kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, àtohun tó lè tẹ̀yìn kíkọ̀ yẹn yọ. Torí náà tí màmá bá ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá wá, kì í ṣe àrífín rárá, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ilé tí ò sí báyìí ò pọ̀. Wọ́n fún ẹnì kan ní lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kó sùn lóru. Ó mu oògùn ikọ́, ikọ́ ò gbọ́, ó ní eruku Abuja ni, nígbà tó yá ó fura sí lisinopril yẹn, ló bá dá a dúró fúnra ẹ̀. Ìfura ẹ̀ tọ̀nà o! Oògùn yẹn àtàwọn tí wọ́n jọ jẹ́ oríṣi kan náà máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fáwọn kan, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, oríṣi míì sì wà tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì, náà máa ń jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ ẹlòmíì wú. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, "dókítà, àtìgbà tí mo ti ń lo oògùn yìí ni mo ti ń wúkọ́", wọn ì bá ti bá a pààrọ̀ ẹ̀. Ó dákẹ́, ó ní ara òun sáà le, orí ò fọ́ òun, ojú ò kọ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni kó tó ṣọṣẹ́, ibi tó ti burú gan-an nìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ló ń sọ iye tó wà, bí ara ṣe ń ṣe wá ò lè sọ ọ́, ọjọ́ táwọn míì máa mọ̀ pé ó ti ga ni ọjọ́ tí apá kan ara kọ̀ tí ò gbéra mọ́.

Òkè Ọya tá à ń gbé yìí ti rí tibi tire ọ̀rọ̀ ìbéèrè yìí. Ní 1996, àìsàn táwọn Hausa ń pè ní sankarau, èyí tó máa ń mú kí ọrùn gan, jà ní Kano. Iléeṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan wá, Trovan, wọ́n dán an wò pẹ̀lú ọmọ 200, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn míì, 11 ló kú nínú gbogbo wọn. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fáwọn pé oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò ni, iléeṣẹ́ náà ní àwọn gbàyè lọ́wọ́ wọn, ẹjọ́ yẹn fà títí di 2009 kí wọ́n tó bá ìjọba Kano ṣàdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ta ló máa wá sọ pé àwọn òbí wọ̀nyẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè? Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ dáadáa. Nígbà tó wá di 2003, tí wọ́n ń kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sáwọn ọmọ lẹ́nu, ìfura ti wà nílẹ̀, àwọn aṣáájú kan ní ó lè sọ ọmọbìnrin di àgàn, Kano sì dá a dúró fún bí oṣù 11. Ìbéèrè yẹn ò burú. Ṣùgbọ́n àrùn ò dúró de èsì, ó ń rọ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀ lọ, ó tún ti ibí kọjá sáwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, lọ́kàn wọn balẹ̀, wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé wild polio, ìyẹn ojúlówó kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn. Tí mo bá rí àwọn tó ń fọwọ́ wọ́ ara wọn lórí pákó oníwíìlì láàárín mọ́tò nínú ìlú yìí, ó máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara, nítorí ẹ̀kán oògùn méjì sẹ́nu ọmọdé ni, ìgbà mélòó kan.

Ó kan ti ọkàn báyìí. Àwọn àgbà kan náà ló ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí nínú ara aláìsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí tipẹ́. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, táwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe ń bá ará abúlé gbé, tẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé, ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sì torí ẹ̀ da oògùn òyìnbó nù. Ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò kan jáde ní 1978 lórí àwọn tí wọ́n yọ eyín wọn, wọ́n fún wọn ní ohun tó jọ oògùn àmọ́ tí ò ní oògùn nínú, ìrora àwọn kan sì rọlẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fún wọn ní naloxone, oògùn tó ń dènà ohun apàrora tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀, ni ìrora bá tún le. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àlá, ara ló ń ṣe oògùn tiẹ̀. Ní Ítálì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Fabrizio Benedetti àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé apàrora tí wọ́n fún èèyàn lójú ẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé òun nìyí, máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ẹ̀rọ rọra fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí màmá tó ń mi orí lásán yẹn fi ń pàdánù? Ohun tí ò yé e, ọkàn ẹ̀ ò lè bá a ṣe é.

Àmọ́ ẹ dúró síbí o, torí ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ní 2011, wọ́n tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn tó ní asíìmà. Wọ́n fún wọn ní ínhélà gidi, ínhélà tí ò ní oògùn nínú, abẹ́rẹ́ akupọ́ńṣọ̀ (èyí tí wọ́n ń gún sára láìsí oògùn nínú ẹ̀) tó jẹ́ ayédèrú, ìgbà míì wọn ò fún wọn ní nǹkankan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́ ló mú kí wọ́n sọ pé ara tu àwọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nígbà tí wọ́n wá fẹ̀rọ wọn èémí wọn, ínhélà gidi fi bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ìyókù ò ju bí ìdá 7 lọ, bákan náà sì ni ìgbà tí wọn ò fún wọn ní nǹkankan. Ara tù wọ́n, ẹ̀dọ̀fóró ò ṣí. Tí ọyẹ́ bá mú báyìí, tí eruku bo gbogbo Gwagwalada, tí ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbàdúrà, ẹ dì í mú, ẹ sọ̀rọ̀ ìtùnú sí i létí, ó máa ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ínhélà yẹn sí i lẹ́nu bí wọ́n ṣe kọ́ yín, tí ò bá sì rọlẹ̀ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ jù ú nù torí pé ẹ gbà gbọ́ ṣe é, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ àáfà, ì báà jẹ́ ẹni tó ń tajà nínú fóònù.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ ti kọ ìbéèrè yín sínú fóònù látilé, ẹ mú ọmọ tó gbọ́ èdè dání. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣe mí, kí ni oògùn yìí fẹ́ ṣe nínú ara mi, kí ni mo máa rí tí mo fi máa sáré padà wá, títí dìgbà wo ni mo máa lò ó. Tó bá fẹ́ kanra, ẹ tún un bi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ò bá sì dá yín lóhùn, ẹ lè lọ gbọ́ ti dókítà míì, kẹ́ ẹ má kàn jáwọ́ nínú oògùn títí tẹ́ ẹ fi máa rí i. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ gbé ìgò ẹ̀ dání lọ, ẹ má fi pamọ́, àwọn ewé kan máa ń bá oògùn jà, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́, dókítà ò sì lè mọ ohun tẹ́ ò sọ. Tẹ́ ò bá mọ ohun tí wọ́n sè sínú ẹ̀, ẹ bi ìyá alágbo kẹ́ ẹ tó sanwó.