Mo ti so àkáùntì mi pọ̀ o, àmọ́ fọ́tò òde àríyá ò sí níbẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń rí mi lórí Bluesky tí wọ́n tún ń rí mi lórí Mastodon, ìkànnì àjọlò méjì tó yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ kan náà, fọ́tò kan náà, àsìkò kan náà, ṣé mo ti gba ọmọọṣẹ́ tó ń bá mi pósìtì ni. Rárá o. Ọmọọṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní, jẹnẹrétọ̀ ló ń fà láràárọ̀, òun gan-an ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tan kàmẹ́rà dáadáa. Afárá ni mo gùn, ìyẹn ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé pósìtì láti ìkànnì kan lọ sí èkejì. Màá ṣàlàyé ẹ̀, màá sì sọ èrò ọkàn mi sí i, torí àwọn tó ń royìn afárá yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tó ti dùn nìkan ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ibi tó ti ń gún ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé fọ́tò ni mo ń yà jẹun ní Àkúrẹ́ níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Àkáùntì tí mo fi ń polówó iṣẹ́, ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé, ilé-iṣẹ́ tó ni ín (mi ò ní dárúkọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí) sì tì í pa lóru ọjọ́ kan. Mo jí láàárọ̀, mo fẹ́ fi fọ́tò han ìyá ìyàwó kan tó jókòó síwájú mi, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ iṣẹ́ kó tó san owó àsansílẹ̀, ohun tó jáde lójú fóònù ni pé mo ti rú òfin. Òfin wo? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kọ ìméèlì títí, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, ìdáhùn kan náà lójoojúmọ́. Mọ́mì yẹn wò mí lójú, wọ́n ní "ọmọ mi, màá padà wá", ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ màá padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń tù mí nínú pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹwà kọ́ jàre, òfò ni.

Ó sì yẹ kí n ti gbọ́n ṣáájú ìgbà yẹn. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa fún wa? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni, wọn ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022, oṣù méje gbáko, gbogbo wa di ẹni tó ń fi VPN wọlé bí ẹni tó ń fo fẹ́ǹsì wọ ilé baba ẹ̀. Mo bínú nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i, mo gbàgbé. Ilé onílé ni mo tún kó ẹrù mi lọ.

Àbúrò mi tó wà ní FUTA ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé "Bọ̀ọ̀dá, ibì kan wà tẹ́nì kan ò ní í dá a tì." Mo ní tẹnu ẹ lò ń sọ. Ó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi pẹ̀lú MTN àti Glo. Ó ní tí mo bá ń lo MTN tí ẹ sì ń lo Glo, ṣebí mo lè pè yín, ẹ lè pè mí, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ lọ ra síìmù mi kẹ́ ẹ tó gbóhùn mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Mastodon ṣe rí: kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ẹ̀, ọ̀pọ̀ sáfà ni (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú pósìtì àwọn èèyàn), oníkálukú ló ń bójú tó tiẹ̀, gbogbo wọn sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ Jámánì kan, Eugen Rochko, ló gbé e jáde lọ́dún 2016, èdè tí àwọn sáfà náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní ActivityPub. Bluesky náà wá ní tirẹ̀, àmọ́ èdè míì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, AT Protocol lorúkọ ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn Bluesky fún gbogbo ayé, ṣáájú ìgbà yẹn àfi kí ẹnì kan pè ọ́ wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò fẹ́ kí ọ̀gá kan ṣoṣo máa darí èèyàn, àmọ́ wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Bíi kí ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà kí wọ́n má lè kí ara wọn. Èmi sì rèé, èèyàn mi kan wà lọ́tùn-ún, èèyàn mi kan wà lósì. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ń pósìtì níbí, mo tún ń lọ pósìtì lọ́hùn-ún, dátà ń jó, àti pé kí n má parọ́, tí mo bá ti pósìtì lẹ́ẹ̀kejì tán mi ò kì í padà lọ wo kọ́mẹ́ǹtì. Mo dà bí ẹni tó ń kéde ọjà ní Ìsìkàn tó ti sá lọ sí Ọjà Ọba kí oníbàárà tó bèèrè iye.

Afárá tí mo ń sọ yìí, Bridgy Fed lorúkọ ẹ̀, ẹnì kan tó ń jẹ́ Ryan Barrett ló kọ ọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn débi pé mo rò pé àbúrò mi ń fi mí ṣeré. Lórí Bluesky, wàá lọ fọ́lò àkáùntì kan tó ń jẹ́ @ap.brid.gy. Ó parí. Mi ò ṣe nǹkan míì. Ó fọ́lò mi padà, àtìgbà yẹn tí mo bá ti pósìtì lórí Bluesky, àwọn ará Mastodon á rí i, wọ́n lè fọ́lò mi láti ibi tí wọ́n wà, orúkọ Bluesky mi ni wọ́n máa rí, wọ́n kàn máa fi @bsky.brid.gy kún un nídìí. Tó bá jẹ́ Mastodon lo ti ń bọ̀, @bsky.brid.gy@bsky.brid.gy ni wàá fọ́lò. Tó bá sú ẹ, bulọ́ọ̀kù àkáùntì yẹn, afárá wó nìyẹn. Ohun tó o ti pósìtì tẹ́lẹ̀ kí o tó so ó pọ̀ kò ní í kọjá o, èyí tó o bá ṣe látìgbà náà lọ ni. (Ohun kékeré kan tún dùn mọ́ mi: Bluesky gbà ọ́ láàyè àmì 300, bí ojú ṣe ń rí i ló sì ń kà á, "ọ̀" pẹ̀lú àmì orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀, oókan ni. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá tó péye mọ bí ìyẹn ṣe jẹ́ àánú tó.)

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo jẹ́ kó sọdá, òkè Ìdànrè ni, mo yà á láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìkùukùu ṣì wà lórí àpáta, àwọn àtẹ̀gùn yẹn ń gòkè lọ wọnú funfun. Lórí Bluesky, àwọn èèyàn yìn ín dáadáa. Lọ́dọ̀ ará ìhà kejì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní ẹ wò ó, afárá yìí, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé kan, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣí ojú ewé mi láti ọ̀dọ̀ Mastodon, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan." Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lábẹ́ fọ́tò Ìdànrè yẹn! Bàbá kan láti Jámánì ń bèèrè pé àtẹ̀gùn mélòó ni kéèyàn gùn kó tó débẹ̀ (ó lé ní 600 o, orúnkún mi jẹ́rìí), ó tún bèèrè irú lẹ́ǹsì tí mo lò, nígbà tí mi ò dáhùn ó tún ní "ó dáa, ẹ ṣeun." Ẹ ṣeun yẹn ló pa mí lára jù. Ó rò pé mo ń gbéra ga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá yẹn fúnra ẹ̀ ò tíì so àkáùntì tiẹ̀ mọ́ afárá. Ọ̀rọ̀ mi lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ torí èmi ti gbà, àmọ́ èsì ẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ mi torí òun ò tíì gbà. Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn nìyẹn. Mo ṣí àkáùntì Mastodon kékeré kan lọ́jọ́ náà, mo lọ bẹ bàbá yẹn, ọ̀rẹ́ la jẹ́ báyìí, ó ní òun ń bọ̀ wá gun Ìdànrè lọ́jọ́ kan, mo ní kó yáa máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀ dánrawò.

Inú bí mi nígbà yẹn o. Mo ní kí ló fà á tí wọn ò kàn so gbogbo èèyàn pọ̀ kí gbogbo wa sinmi. Àbúrò mi ní ìjà ńlá ti wáyé lórí ìyẹn. Ní oṣù Kejì 2024 náà, ohun tí ẹni tó kọ afárá yìí fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé kí gbogbo pósìtì tó wà ní gbangba máa sọdá, àfi ti ẹni tó bá ní òun ò fẹ́. Àwọn ará Mastodon gbaná jẹ. Wọ́n ní àwọn kan nínú àwọn, ìyọlẹ́nu ló lé wọn kúrò ní ìkànnì ńlá, wọ́n wá ibi kọ̀rọ̀ tí wọ́n lè jókòó sí, ẹnì kan ò sì lè wá gbé ohùn wọn lọ sójú ọjà láìbi wọ́n. Ó gbọ́, ó yí i padà: ẹni tó bá fọ́lò àkáùntì afárá nìkan ni. Èmi ní ariwo lásán ni, ohun tó ti wà ní gbangba ti wà ní gbangba.

Kò pẹ́ kò jìnnà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi kàn mí. Mo ya fọ́tò ìgbéyàwó kan nílùú Oǹdó, ọmọ náà rẹwà, gèlè ẹ̀ dúró bí adé, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ pé mo fẹ́ fi polówó, ó ní kò sí wàhálà. Mo pósìtì ẹ̀ sórí Bluesky, mo tiẹ̀ kọ orúkọ gbọ̀ngàn síbẹ̀, afárá gbé e lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà ó pè mí lálẹ́, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n: "Bọ̀ọ̀dá fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fọ́tò yẹn, ẹnì kan wà tí mi ò fẹ́ kó mọ ibi tí mo wà." Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Afárá náà gbé iṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn sáfà pé kí wọ́n pa á rẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbọ́. Àmọ́ mo fi gbogbo òru yẹn wá a kiri, mo rí i tó ṣì jókòó sórí sáfà kan, gèlè, orúkọ gbọ̀ngàn, gbogbo ẹ̀. Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, fọ́tò burú jùyẹn lọ, tó bá balẹ̀ ṣe ló ń bímọ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni sáfà yẹn, ọjọ́ kejì ló tó dáhùn, ó sì yọ ọ́, Ọlọ́run bù kún un. Ọjọ́ méjì yẹn, mi ò jẹun dáadáa. Mi ò sọ fún ọmọ náà pé kò tíì kúrò. Títí di òní mi ò tíì sọ fún un, bóyá ibí ló ti máa kà á.

Ṣé ẹ wá rí i? Nígbà tí ọmọ yẹn ní kò sí wàhálà, Bluesky ló wà lọ́kàn ẹ̀, kódà bóyá ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ló rò. Èmi ni mo bá a gbà pé kí fọ́tò ẹ̀ lọ síbi tí òun ò sọ. Àwọn ará Mastodon tí mo ní wọ́n ń pariwo, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Torí náà ohun tí mo ṣe rèé. Mo pín àkáùntì sí méjì. Òkè, odò, ọjà, ìkùukùu, igi kòkó, ìyẹn wà lórí èyí tó so mọ́ afárá, kó máa lọ síbi tó bá fẹ́, inú mi á dùn. Ìyàwó, ọmọ ìkókó, ọlọ́jọ́ìbí, wọ́n wà lórí èkejì, kò so mọ́ ibì kankan, mo sì kọ ọ́ sójú ewé ẹ̀ pé kò so. Mo tún fi ìlà kan kún ìwé tí kọ́sítọ́mà ń buwọ́ lù: ṣé kí n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibo gan-an sì ni. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ti di lọ́yà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun kan tún wà tí mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ṣe kódà tẹ́ ò bá fẹ́ gun afárá rárá: tẹ́ ẹ bá ní domain tiyín, ìyẹn àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ tiyín, ẹ fi ṣe orúkọ yín lórí Bluesky. Mo ti ṣe é. Tí mo bá kó kúrò níbi tí mo wà lónìí, orúkọ yẹn ń bá mi lọ, àwọn tó fọ́lò mi náà ń bá mi lọ. Mastodon náà ń jẹ́ kéèyàn kó àwọn tó fọ́lò ẹ̀ lọ sí sáfà míì, àmọ́ pósìtì àtijọ́ kì í tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ti ti ilé pa mọ́ rí ló máa mọ iye tí ìyẹn tó.

Àbúrò mi tún ti dé o, ó ní ìkànnì míì tún wà tó ń jẹ́ Nostr, kọ́kọ́rọ́ bíi páásíwọ̀ọ̀dù ni èèyàn fi ń wọlé níbẹ̀, tó bá sọnù kò sẹ́ni tó lè bá ẹ wá a, ó ní afárá wà fún ìyẹn náà. Mo ní kó lọ bá mi wo jẹnẹrétọ̀ ná, NEPA ti mú iná lọ, fọ́tò ogójì ló ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì ṣe.